Láti Ògiri Amọ̀ dé Ẹ̀rọ Amúlétutù: Ìtàn Ìmọ̀ Ìgbooru àti Ohun tó Kọ́ni nípa Ilé Gbígbé ní Abraham Adésànyà Estate

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ ìtàn ìmọ̀ nípa bí ohun èlò ṣe ń gba ooru mọ́ra àti bí ó ṣe ń tú u sílẹ̀, láti ìgbà tí àwọn baba ńlá Yorùbá ti ń fi amọ̀, imọ̀ ọ̀pẹ àti koríko bẹẹrẹ kọ́lé, títí di àkókò páànù, búlọ́ọ̀kù, ẹ̀rọ amúnáwá àti ẹ̀rọ amúlétutù. Abraham Adésànyà Estate tó wà ní agbègbè Ajah ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Kókó tí iṣẹ́ náà gbé jáde ni pé iṣẹ́ ìtura tí ògiri, òrùlé àti atẹ́gùn ń ṣe láyé àtijọ́ ti di ohun tí a kó lé gáàsì inú ẹ̀rọ lọ́wọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí onílé ń san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà ìkọ́lé ti di ohun tí ó ń san owó rẹ̀ lálaalẹ́.

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ ìdílé ni òwe náà ń sọ, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ mu pẹ̀lú. Ibi tí ilẹ̀ wà, ojú ọjọ́ ibẹ̀ àti ohun èlò tó wà nítòsí ni ó yẹ kí ó sọ irú ilé tí a ó kọ́ síbẹ̀.

Abraham Adésànyà Estate wà ní ẹ̀bá òpópónà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, ní agbègbè Ajah, lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà. Òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà sì wà ní àríwá. Orúkọ Abraham Adérìbigbé Adésànyà (1922–2008) ni a fi pè é, ìyẹn agbẹjọ́rò ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ láti 1979 di 1983, tó sì di olórí ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re. Bí ti gbogbo agbègbè tó yí i ká, búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ń mọ ògiri níbẹ̀, irin tàbí álúmíníọ̀mù pẹlẹbẹ ni wọ́n sì fi ń bo òrùlé. Nígbà tí iná ìjọba bá lọ lálẹ́, ìró ẹ̀rọ amúnáwá ni ó máa ń gba ojú ọ̀run kan ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: báwo ni ó ṣe di pé ènìyàn kò lè sùn nínú ilé ara rẹ̀ láìjẹ́ pé epo ń jó níta?

Kí ìdáhùn náà tó lè yé ni, ó yẹ kí a la àwọn èdè-ìperí kan sílẹ̀. Nínú Yorùbá ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀ náà ‘ooru’ ń ṣe iṣẹ́ méjì. Bí ènìyàn bá ní ‘ooru ń mú mi’, bí ara ṣe rí lára rẹ̀ ni ó ń sọ. Bí ó bá ní ‘ooru iná’, ohun kan tó ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn ni ó ń tọ́ka sí. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, ‘ooru’ ni agbára tó ń ti ara ohun gbígbóná lọ sí ara ohun tútù. ‘Ìwọ̀n ìgbóná’ ni ohun tí témómítà ń kà. ‘Ìgbooru’ ni iye ooru tí kílógíráàmù kan ohun èlò gbọ́dọ̀ gbà kí ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ tó fi dígírì kan lọ sókè. Gáàsì ní tirẹ̀ ní ìgbooru méjì. Iye tí a bá rí nígbà tí a bá fi èyí tó kéré pín èyí tó tóbi ni a pè ní ‘ìfiwéra ìgbooru’.

2.0 Bí Àwọn Onímọ̀ ṣe Kọ́ láti Wọn Ooru

Fún ìgbà pípẹ́, èrò tó gbilẹ̀ láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù ni pé bí nǹkan bá ṣe wúwo tó ni ooru tí yóò gbà ṣe máa pọ̀ tó. Joseph Black, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, ni ó fi hàn ní nǹkan bí 1760 pé èrò náà kò tọ̀nà. Ó ṣàkíyèsí pé mákúrì, tó fi ìlọ́po mẹ́tàlá wúwo ju omi lọ, máa ń tètè gbóná ju omi lọ lórí iná kan náà, ó sì máa ń tètè tutù. Ó wá hàn gbangba pé ohun èlò kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìgbooru tirẹ̀. Black kan náà ni ó fi hàn pé bí omi bá ń di ooru tàbí tí yìnyín bá ń yọ́, ó ń gba ooru púpọ̀ mọ́ra láìjẹ́ pé témómítà sún rárá.

Black kò tẹ àwọn àbájáde wọ̀nyí jáde nígbà ayé rẹ̀. Inú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́ wọn. Ní ilẹ̀ Sweden, Johan Wilcke dé orí kókó kan náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1781. Ní ìgbà òtútù 1782 sí 1783, Antoine Lavoisier àti Pierre-Simon Laplace ní ìlú Paris ṣe ohun èlò kan tí wọ́n fi yìnyín yí ká: wọ́n gbé ohun gbígbóná sí àárín rẹ̀, wọ́n sì wọn omi tó yọ́ lára yìnyín náà láti mọ iye ooru tó jáde. Láti ìgbà náà ni ìgbooru ti di ohun tí a lè fi iye kọ sílẹ̀. Ti omi jẹ́ nǹkan bí 4,186 júùlù, ti álúmíníọ̀mù nǹkan bí 900, ti kọnkéré nǹkan bí 880, ti amọ̀ gbígbẹ nǹkan bí 850, ti irin sì jẹ́ nǹkan bí 450.

Àwọn iye wọ̀nyí nìkan kò tó láti sọ bí ilé yóò ṣe rí. Ìwúwo ohun èlò, bí ó ṣe nípọn tó, àti bí ooru ṣe ń tètè gba inú rẹ̀ kọjá ṣe pàtàkì bákan náà. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n àwọn kọ́lékọ́lé ilẹ̀ Yorùbá ti wúlò.

3.0 Amọ̀, Bẹẹrẹ àti Imọ̀ Ọ̀pẹ

Kì í ṣe irú ilé kan ṣoṣo ni Yorùbá ń kọ́. Ní àwọn ìlú òkè bí Ọ̀yọ́, Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, amọ̀ ni ohun èlò pàtàkì. Wọ́n á wa ilẹ̀, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná, wọ́n á sì mọ ọ́n ní ìpele-ìpele. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ náà. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo òrùlé. Ó ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ọdún Bẹẹrẹ fún Aláàfin ní Ọ̀yọ́. Ní inú igbó, ewé gbòdògì ni wọ́n ń lò. Wọ́n máa ń jẹ́ kí òrùlé yọ síwájú bo ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí oòrùn má baà lu ògiri, kí òjò má sì wó o.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi ohun tí wọ́n ṣe hàn. Bí ògiri amọ̀ bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 45, tí mítà onígun mẹ́rin kúbíìkì kan amọ̀ náà sì wọn 1,700 kílógíráàmù, mítà kan níbùú lóròó lára ògiri náà yóò gba nǹkan bí 650,000 júùlù kí ó tó fi dígírì kan gbóná sí i. Páànù onírin tó nípọn tó ìdajì mìlímítà kò ní gbà ju nǹkan bí 1,800 júùlù lọ. Ìyẹn ni pé ooru tí yóò mú ògiri náà gbóná ní dígírì kan fi ohun tó ju ìlọ́po 300 lọ pọ̀ ju ti páànù. Ooru ọ̀sán kì í tètè la irú ògiri bẹ́ẹ̀ já. Nígbà tí yóò bá fi dé inú yàrá, ilẹ̀ ti ṣú, ìta sì ti ń tutù.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí kò bá gbogbo ibi mu. Ní ìlú òkè ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òru máa ń tutù gan-an ju ọ̀sán lọ, ògiri sì lè tú ohun tó gbà sílẹ̀. Ní etí òkun Èkó, àlàfo tó wà láàrin ooru ọ̀sán àti ti òru kì í sábà ju nǹkan bí dígírì 7 tàbí 8 lọ, atẹ́gùn sì kún fún ọ̀rinrin. Ògiri tó wúwo tó gba ooru ní ọ̀sán kì í rí òru tó tutù tó láti tú u dànù sí. Èyí ni ó jẹ́ kí ilé àwọn tó ń gbé etí omi, àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ègùn, yàtọ̀. Ọparun, pákó àti imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ti ògùrọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, nígbà mìíràn lórí òpó nínú omi gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i ní Mákòkó. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í kó ooru pamọ́. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ó ti tutù nìyẹn, atẹ́gùn ọ̀sà sì ń gba àárín ọparun kọjá. Kì í ṣe pé àwọn ará etí omi kò mọ amọ̀ ọ́n mọ. Ohun tó bá ibùgbé wọn mu ni wọ́n yàn.

Ohun kẹta tó wà nínú ìmọ̀ yìí ni àmù omi. Amọ̀ àmù ní ojú wẹ́wẹ́ tí omi ń gbà yọ sí ara rẹ̀. Bí omi yẹn ṣe ń gbẹ, ó ń gba ooru lọ́wọ́ omi tó kù nínú àmù, ìyẹn gan-an ni ooru tí Black sọ pé kì í hàn lójú témómítà. Ní Ìpínlẹ̀ Jígáwá, Muhammad Bah Abba lo ọ̀nà kan náà ní àwọn ọdún 1990: ó ki ìkòkò kan bọ inú òmíràn, ó fi yanrìn tútù sí àárín wọn, ewébẹ̀ inú ìkòkò kékeré kò sì tètè bàjẹ́. Ó gba ẹ̀bùn Rolex fún un ní ọdún 2000. Ní etí òkun, níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀, omi kì í tètè gbẹ bẹ́ẹ̀, ìtura àmù kò sì pọ̀ tó ti Jígáwá.

4.0 Páànù àti Sìmẹ́ńtì

Ní 1829 ni Henry Robinson Palmer gba ìwé àṣẹ ní London fún páànù oníṣẹ́po. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ọkọ̀ ojú omi ti ń kó páànù wọ Èkó. Àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ti ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì olówó iyebíye ní Erékùṣù Èkó, páànù sì di àmì ọ̀làjú. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ní 1901, ẹrù tó wúwo rí ọ̀nà wọ ìlú òkè lọ. Kò yẹ kí a dá àwọn tó gba páànù lẹ́bi. Iná kì í jó o, kò nílò pé kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ bí a ti ń pààrọ̀ bẹẹrẹ, òjò kì í sì tètè là á já. Ṣùgbọ́n bí ìṣirò òkè yẹn ti fi hàn, kò sí ohun tó ń tètè gbóná lábẹ́ oòrùn tó o. Bí kò bá sí àjà lábẹ́ rẹ̀, ooru rẹ̀ máa ń bọ́ sí orí àwọn tó wà nínú ilé ní tààràtà.

Sìmẹ́ńtì ni ó tẹ̀lé e. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ńkálàgú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, ti Ewékorò sì bẹ̀rẹ̀ ní 1960. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, ìjọba ológun Yakubu Gowon ra sìmẹ́ńtì tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù láti òkè òkun, bẹ́ẹ̀ èbúté Èkó kò lè já ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan lọ ní ọdún. Ní 1975, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tò sí etíkun Èkó, wọ́n ń dúró láti já ẹrù. Láti ìgbà náà ni búlọ́ọ̀kù ti di ohun tí gbogbo ènìyàn ń fi kọ́lé, láti ilé olówó dé ilé tálákà. Àwọn ilé tí Gómìnà Lateef Jakande kọ́ fún mẹ̀kúnnù láàrin 1979 àti 1983 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní gbogbo agbègbè Èkó, títí kan ọ̀nà Lekki.

Ó yẹ kí a rántí pé sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Maxwell Fry àti Jane Drew, ayàwòrán ilé méjì tí wọ́n ya ilé Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn lẹ́yìn ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1948, lo kọnkéré púpọ̀. Ṣùgbọ́n ilé tóóró ni wọ́n yà, tí fèrèsé wà ní ìhà méjèèjì kí atẹ́gùn lè gbà á já. Wọ́n lo búlọ́ọ̀kù onílihò láti ṣíji bo ògiri. Wọ́n sì kọ ojú ilé sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ní 1956 wọ́n tẹ ìwé kan jáde lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru tó ní ọ̀rinrin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé àwọn kọ́lékọ́lé mú kọnkéré wọn, wọ́n sì fi òjìji àti atẹ́gùn sílẹ̀. Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé ọ̀nà ìtura mìíràn ti dé, èyí tó dúró lórí gáàsì.

5.0 Ìgbooru Méjì tí Gáàsì Ní

Ìtàn ìfiwéra ìgbooru bẹ̀rẹ̀ láti ara ìró. Ní 1687, Isaac Newton ṣe ìṣirò bí ìró ṣe ń yára tó nínú afẹ́fẹ́. Nínú ẹ̀dà kejì ìwé rẹ̀ ní 1713, iye tó rí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 979 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn tó wọ̀n ọ́n rí jẹ́ 1,142. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí Laplace tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní 1816. Bí gángan bá dún, afẹ́fẹ́ tó wà láàrin alùlù àti etí olùgbọ́ ń fún pọ̀, ó ń fẹ̀, ó sì ń yá gan-an tó bẹ́ẹ̀ tí ooru kò fi ráyè jáde. Afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀ ń gbóná, èyí tó fẹ̀ ń tutù, ìyẹn sì ń mú kí ìró náà yára ju bí Newton ti rò lọ. Iye tí a gbọ́dọ̀ fi tún ìṣirò náà ṣe wà nínú ìfiwéra ìgbooru.

Kí ni ìdí tí gáàsì fi ní ìgbooru méjì? Bí a bá sé afẹ́fẹ́ mọ́ inú ohun tí kò lè fẹ̀, gbogbo ooru tí a fún un ni ó fi ń gbóná. Bí a bá gbà á láyè láti fẹ̀, apá kan lára ooru náà ni yóò fi ti ohun tó wà níwájú rẹ̀, nítorí náà yóò nílò ooru púpọ̀ sí i kí ó tó gbóná dé ibì kan náà. Nicolas Clément àti Charles Desormes wá ọ̀nà láti wọn ìfiwéra méjèèjì, wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní 1819. Wọ́n fa díẹ̀ jáde lára afẹ́fẹ́ inú ìgò ńlá kan, wọ́n ṣí ìgò náà, wọ́n dé e padà kíá, wọ́n sì dúró wo bí ìfúnpá inú rẹ̀ ṣe yí padà. Nǹkan bí 1.35 ni wọ́n rí. Iye tí a mọ̀ lónìí fún afẹ́fẹ́ jẹ́ 1.4.

Ilẹ̀ olóoru kó ipa nínú ìtàn yìí. Ní 1840, dókítà ọmọ Jámánì kan, Robert Mayer, wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó lọ sí Java. Ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde láti inú iṣan àwọn awakọ̀ níbẹ̀ pọ́n ju bí ó ti ń rí ní ilẹ̀ tútù lọ. Ó rò pé ara kò nílò láti jó oúnjẹ púpọ̀ kí ó tó gbóná ní ilẹ̀ olóoru. Èrò yẹn ni ó sún un dé orí pé ooru àti iṣẹ́ jẹ́ ohun kan náà tó ń pààrọ̀ àwọ̀. Ní 1842, àlàfo tó wà láàrin ìgbooru méjì afẹ́fẹ́ ni ó fi ṣírò iye iṣẹ́ tó wà nínú ooru kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James Joule fi ìdánwò lóríṣiríṣi fi ìdí èyí múlẹ̀ láàrin 1843 àti 1850.

Ìfiwéra náà tún jẹ́ kí a mọ bí gáàsì ṣe rí nínú. Ní 1876, August Kundt àti Emil Warburg rí i pé ti ooru mákúrì jẹ́ 1.67, èyí tó bá ìṣirò gáàsì tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ ń dá rìn mu. Ti afẹ́fẹ́ jẹ́ 1.4 nítorí pé átọ́ọ̀mù méjì-méjì ni ó so mọ́ra nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń yí bí wọ́n ti ń lọ. Apá kan ooru ni wọ́n fi ń yí. Bí ètò inú gáàsì bá ṣe díjú tó ni ìfiwéra rẹ̀ ṣe máa ń súnmọ́ 1 tó.

Rudolf Diesel, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ́ńjìnnì, gba ìwé àṣẹ ní Jámánì ní 1893. Ní 1897 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ bí ó ti fẹ́ ní ìlú Augsburg. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi pọ́ǹpù fún kẹ̀kẹ́ láfẹ́fẹ́ mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù máa ń gbóná. Ohun tí Diesel ṣe kò ju pé ó fún afẹ́fẹ́ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fún afẹ́fẹ́ tó wà ní dígírì 30 pọ̀ títí yóò fi di ìdá kan nínú ìdá 18 ààyè tó ní tẹ́lẹ̀, tí ooru kò sì jáde, ìṣirò tí a gbé lórí 1.4 fi hàn pé yóò gbóná dé nǹkan bí dígírì 690. Epo tí a bá fín sínú rẹ̀ yóò gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Bí ìfiwéra afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 1.2, kò ní gbóná ju nǹkan bí dígírì 270 lọ, irú ẹ́ńjìnnì yìí kì bá sì ti rọrùn láti ṣe.

Gáàsì inú ẹ̀rọ amúlétutù wà ní òdìkejì. Láti ìgbà tí Willis Carrier ti ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1902, ohun kan náà ni ẹ̀rọ náà ń ṣe: ó ń fún gáàsì pọ̀ kí ó lè gbóná, ó ń jẹ́ kí ooru rẹ̀ jáde síta títí gáàsì náà yóò fi di omi, ó sì ń jẹ́ kí omi náà tún di gáàsì nínú yàrá, kí ó máa gba ooru bí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí àmù ń ṣe gan-an nìyẹn, àfi pé a dé e mọ́ inú páìpù, tí ọ̀rinrin kò sì lè dí i lọ́wọ́. Ti gáàsì R22, tí wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, jẹ́ nǹkan bí 1.2, èyí sì jẹ́ kí ó ṣeé fún pọ̀ láìjẹ́ pé ó gbóná kọjá ààlà. Nítorí pé ó ń ba ìpele ozone jẹ́, Àdéhùn Montreal ti 1987 àti àwọn àtúnṣe tó tẹ̀lé e pàṣẹ pé kí gbogbo ayé pa á tì díẹ̀díẹ̀.

6.0 Òru Ọjọ́ kan ní Estate

Níbí ni ìtàn méjèèjì ti pàdé: ti ògiri àti ti gáàsì. Ẹ jẹ́ kí a wo yàrá kan tí ògiri rẹ̀ tí oòrùn ń pa jẹ́ mítà 10 níbùú lóròó, tí a sì fi búlọ́ọ̀kù onínáìnì-ínṣì mọ. Bí mítà kan bá wọn 250 kílógíráàmù, tí ògiri náà sì fi dígírì márùn-ún gbóná sí i kí oòrùn tó wọ̀, ooru tó wà nínú rẹ̀ yóò tó mílíọ̀nù 11 júùlù, ìyẹn nǹkan bí yúníìtì iná mẹ́ta. Apá kan yóò jáde síta, apá kan yóò wọ inú yàrá, wákàtí tí onílé ń wá oorun sì ni yóò wọlé. Ògiri tó kó ooru pamọ́ bí ti amọ̀, ní ibi tí òru kò ti tutù tó, tí òrùlé kò sì ṣíji bò ó, ti kó àléébù irú ilé méjèèjì jọ.

Iná ìjọba ni ó yẹ kí ó gbé ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ̀rọ iná Ẹgbin, tó wà lẹ́bàá ọ̀sà ní ìhà Ìkòròdú, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985 pẹ̀lú agbára 1,320 mẹgawáàtì. Ìjọba pààrọ̀ NEPA sí PHCN ní 2005, ó sì kó pínpín iná lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní 2013. Síbẹ̀ iná kò dúró, ẹ̀rọ amúnáwá ni ó sì ń dí àlàfo náà. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ní agbára tó tó nǹkan bí yúníìtì 10 nínú. Ẹ̀rọ kékeré kì í mú ju nǹkan bí mẹ́ta lọ jáde lára rẹ̀ bí iná, ìyókù ń gba inú ẹ̀fin àti ara ẹ̀rọ jáde bí ooru. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń jẹ yúníìtì kan ní wákàtí kan, lítà kan yóò gbé e fún wákàtí mẹ́ta péré, òru ọjọ́ kan yóò sì gba lítà mẹ́ta fún yàrá kan. Kí ooru bí yúníìtì mélòó kan tó lè jáde kúrò nínú yàrá, nǹkan bí ogún yúníìtì ooru ti tú sí àárín àdúgbò láti ara ẹ̀rọ amúnáwá nìkan.

Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀rọ náà ń sọ ara rẹ̀ di ọ̀ranyàn. Ariwo àti ẹ̀fin rẹ̀ ń mú kí àwọn aládùúgbò ti fèrèsé wọn. Bí fèrèsé bá ti wà ní títì, atẹ́gùn ọ̀sà kò lè wọlé mọ́. Ilé tí kò lo ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ náà á wá ra tirẹ̀. Kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì inú ẹ̀fin kò ní òórùn, kò sì ṣeé fojú rí. Ó sì lè pa gbogbo àwọn tó sùn bí ẹ̀rọ bá wà nítòsí fèrèsé tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Owó rẹ̀ pẹ̀lú ń ga sí i. Ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, iye owó lítà kan sì fi ohun tó ju ìlọ́po méjì lọ gbéra láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2024, iye yúníìtì iná kan fún àwọn oníbàárà ìsọ̀rí kìn-ín-ní fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225. Ilé tí a kọ́ pẹ̀lú èrò pé agbára yóò máa wà lówó pọ́ọ́kú ti di ẹrù fún àwọn tó ń gbé inú rẹ̀.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn kì í ṣe pé kí a padà sí ilé amọ̀ onísẹ̀ǹtímítà 45 ní Ajah. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò gbà á, ojú ọjọ́ ibẹ̀ kò sì bá a mu. Ohun tó yẹ kí a mú padà ni ọ̀nà ìrònú tó mú kí ará Ọ̀yọ́ yan amọ̀, tó sì mú kí ará Ìlàjẹ yan ọparun: kí a bi ojú ọjọ́ léèrè kí a tó yan ohun èlò. Ní etí òkun, èyí túmọ̀ sí òrùlé tó yọ síwájú bo ògiri, àjà tí kì í jẹ́ kí ooru òrùlé sọ̀ kalẹ̀, àwọ̀ funfun tó ń dá oòrùn padà, igi ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, àti fèrèsé ní ìhà méjèèjì yàrá pẹ̀lú àwọ̀n tí kò jẹ́ kí ẹ̀fọn wọlé. Àwọn tó ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Demas Nwoko, ẹni tó kọ́ ilé ìsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn, ti ń po amọ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì láti ọjọ́ pípẹ́; ó gba àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀ ní Venice ní 2023.

Iṣẹ́ tún wà fún àwọn olùkọ́. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ètò náà fi hàn pé èdè Yorùbá lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀kọ́ ìgbooru wà lára èyí tó rọrùn jù láti fi kọ́ni lọ́nà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun èlò rẹ̀ wà nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́: àmù, páànù, pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́, ògiri yàrá tó ń sùn sí. Témómítà méjì, ọ̀kan lára ògiri tí oòrùn ń pa, ọ̀kan lára èyí tó wà ní ibòji, tí a kà ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àti ní agogo mẹ́wàá alẹ́, yóò kọ́ ọmọ ní ohun tí Black kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Glasgow. Bí ọmọ náà bá dàgbà tó fẹ́ kọ́ ilé tirẹ̀, yóò mọ ìbéèrè tó yẹ kí ó bi ẹni tó ń ya ilé náà fún un.